Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe plugin orin: ẹ sọ òótọ́ fún wa nípa kọ̀ǹpútà tó lè gbé e

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe synth (tó ń fúnra ẹ̀ dá ohùn sílẹ̀), sampler (tó ń lo ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀), ìlù àti dùùrù orí kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ yín dáa, ẹni tó bá ní kò dáa kó lọ yẹ etí ẹ̀ wò. Àmọ́ kì í ṣe ìkíni ló gbé mi wá, ẹjọ́ ni mo wá rò, gbangba ni mo sì ti fẹ́ rò ó, káwọn tó fẹ́ ra plugin, ìyẹn ohun èlò orin tó ń ṣiṣẹ́ nínú DAW (ètò tá a fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà), tàbí tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà lọ́la, lè bá wa gbọ́ sí i.

Ohun tó fà á ni ìmeèlì kan tí ọ̀kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ, fi ránṣẹ́ sáwa oníbàárà ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀dà tuntun ti dé, wọ́n ní ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ká tẹ bọ́tìnnì ká gbé e sórí ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Installer yẹn kọ́kọ́ pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ kó tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kọ̀ǹpútà mi lè gbé tuntun, ìgbà tó rí i pé kò lè gbé e ló wá dúró, ó ní ẹ̀rọ mi ti gbó jù. Mo ṣí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́, gbogbo nóòtì tí mo tò ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń kọjá lójú mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí orin ṣe ń lọ, àmọ́ kò sí ohùn kankan, ojú ibi tí synth wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, DAW kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí i mọ́ ni. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ní irú èwo? Wọ́n ní kí n lọ wo ojú ewé tí wọ́n kọ ohun tí plugin náà ń béèrè sí. Mo lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo bá níbẹ̀ ló bí lẹ́tà yìí, torí mo lọ wo ti ẹ̀yin tó kù náà, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo yín.

1. “Core i5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ” kì í ṣe ìmọ̀ràn

Ohun tẹ́ ẹ máa ń kọ rèé: prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún ń pè ní CPU) Intel Core i5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) 4GB, 8GB ló dáa jù. Ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, láti 2009 ni Intel ti ń ta Core i5! Orúkọ yẹn wà lára ẹ̀rọ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá dáadáa, ó sì wà lára èyí tó jáde lẹ́yìn 2020, agbára àwọn méjèèjì ò sì jọra rárá. Kódà nínú ọdún kan náà, i5 inú láptọ̀ọ̀pù pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe kí bátìrì má tètè tán, àti i5 inú kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì, orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ńṣe ló dà bíi kéèyàn máa ta bàtà kó wá kọ ọ́ sí páálí ẹ̀ pé “fún ẹsẹ̀”. 

Ẹ tún máa ń fi “quad-core” kún un, ìyẹn prósẹ́sọ̀ tó ní core mẹ́rin, core ni ẹ̀ka inú ẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ kóòdù yẹn, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé tí mo bá gbé synth sórí tíráàkì kan, tí mo wá to EQ, distortion àti reverb, àwọn plugin tó ń yí ohùn padà, lé e lórí, ohùn gbọ́dọ̀ jáde lára synth kó tó dé EQ, kó jáde lára EQ kó tó dé distortion, wọn ò lè jọ ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Torí ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà core kan ṣoṣo ló máa ń ru ẹrù gbogbo tíráàkì yẹn. Core mẹ́jọ, core mẹ́rìndínlógún, wọ́n dáa gan-an tí tíráàkì bá pọ̀ torí DAW á pín iṣẹ́ fún wọn, àmọ́ tó bá jẹ́ synth kan tó wúwo ló wà níwájú mi tí mo fẹ́ tẹ̀, agbára core kọ̀ọ̀kan ni mo nílò, kì í ṣe iye wọn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ẹni tó ra ẹ̀rọ olówó gọbọi nítorí iye core, mítà tó ń fi ẹrù iṣẹ́ hàn nínú DAW ẹ̀ ń pọ́n roro, ohùn ń já, ó wá ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, Task Manager ní ẹ̀rọ ò tíì lo ìdajì agbára ẹ̀. Ó máa rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó yé yín tó báyìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gbà kẹ́ ẹ fi sọ ọ́.

Ẹ sì tún gbàgbé ooru. Láptọ̀ọ̀pù tí kò ní fáànù, irú bí MacBook Air ti chip M tí Apple ṣe fúnra ẹ̀, tàbí èyí tí fáànù ẹ̀ kéré, ó lè gbé plugin yín dáadáa ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, tára ẹ̀ bá wá gbóná tán á dín eré kù kó má baà jóná. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù ò lè mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni láptọ̀ọ̀pù Windows tí wọ́n bá yọ wáyà iná lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń fà sẹ́yìn.

2. Buffer mélòó lẹ fi dán an wò?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé plugin yín ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ dárúkọ. Buffer mélòó lẹ lò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á tẹ́ ò tíì mọ buffer, kò le: kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn ní ẹyọ ẹyọ, ìdì ìdì ló máa ń ṣe é, ìdì tó kàn sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí èyí tó ń dún lọ́wọ́ tó tán. Tó bá jẹ́ 44,100 sample, ìyẹn ẹyọ ohùn, láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, ìdì 128 jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 2.9, ìdì 512 jẹ́ 11.6, ìdì 1024 jẹ́ 23.2. Tí CPU ò bá rí iṣẹ́ yẹn parí láàárín àsìkò yẹn, ohùn á máa já, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ta-ta-ta létí. Ẹni tó ń fi máòsì to nóòtì lè gbé buffer ẹ̀ sí 1024 kó má sì rí ìyàtọ̀ kankan. Àmọ́ ẹni tó ń fọwọ́ tẹ kíbọ́ọ̀dù tàbí tó ń gbá páàdì ìlù, tó bá wà ní 1024, ohùn á máa dé lẹ́yìn ìka, bó ṣe ń gbìyànjú láti bá ìlù lọ ni ìlù á máa sá fún un.

Plugin kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, ó dùn yùngbà ní 1024, ó ń já jálajàla ní 128. Èwo nínú méjèèjì lẹ wá ń pè ní “ó ń ṣiṣẹ́”?

Ọ̀rọ̀ preset, ìyẹn ohùn tẹ́ ẹ ti tò sílẹ̀ nínú synth, wá ni baba ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Mo tẹ kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́rin. Preset tí mo lò ń lo oscillator méjì (ohun tó ń dá ohùn sílẹ̀), unison méje (ẹ̀dà ohùn kan náà tó ń dún pọ̀) ló wà lórí oscillator kọ̀ọ̀kan, kò sì sí nǹkan ìyanu níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe supersaw tí wọ́n ń lò fún orin ijó nìyẹn. Mẹ́rin lọ́nà méjì lọ́nà méje, ohùn 56 ni CPU ń ṣe pa pọ̀. Mo yí sí kọ́ọ̀dù tó kàn, release ẹ̀ (àsìkò tí ohùn fi ń kú lẹ́yìn tá a bá gbọ́wọ́ kúrò) gùn, ti àkọ́kọ́ ò tíì kú tán tí ìkejì fi wọlé, ó ti di 112 nìyẹn o. Kò tíì kan filter tó ń gé apá kan ohùn kúrò, kò tíì kan reverb tó wà nínú synth yẹn fúnra ẹ̀, kò tíì kan oversampling tó ń mú kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́rin kí ohùn lè mọ́ lókè. Ẹ wá yí preset padà sí báàsì olóhùn kan, oscillator kan, unison kò sí, ẹ̀rọ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan ń tẹ nǹkan. Inú synth kan ṣoṣo ni méjèèjì ti jáde! Ẹ̀yin wá kọ ìlà kan fún gbogbo ẹ̀, ẹ ní i5.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé preset tó wúwo jù lẹ máa ń fi polówó, òun lẹ máa ń fi síbẹ̀rẹ̀ fídíò, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni ò mọ irú ẹ̀, ní buffer tí ẹnikẹ́ni ò rí. 

Mo mọ èsì yín, ẹ máa ní ká freeze tíráàkì. A mọ freeze, a ń lò ó, ó dáa, ó ń sọ tíráàkì di ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí synth lè sinmi. Àmọ́ tí mo bá freeze ẹ̀, mi ò lè yí filter mọ́ àfi kí n tú u sílẹ̀ ná, mi ò sì lè freeze ohun tí mi ò tíì tẹ̀ tán. Èsì yín kejì á jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ò dọ́gba, driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ohun tá a so mọ́ ọn ṣiṣẹ́) ò dọ́gba, ẹ ò lè dán gbogbo ẹ̀ wò. Òótọ́ wà níbẹ̀, pàápàá lórí Windows. Láti 1997 tí ilé iṣẹ́ Steinberg ti gbé ASIO jáde, irú driver ohùn tó ń jẹ́ kí ohùn tètè dé, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lágbára tó, tí driver sound card bá ti burú, ohùn á ṣì máa já, mo tiẹ̀ ti rí ibi tó jẹ́ driver Wi-Fi ló ń da ohùn rú, LatencyMon, ètò tó ń wá driver tó ń dá ohùn dúró, ló tú àṣírí ẹ̀. Àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ dán gbogbo ẹ̀ wò? Ẹ̀rọ mẹ́ta péré, ọ̀kan tó ti pẹ́, ọ̀kan tó wà láàárín, ọ̀kan tuntun, kẹ́ ẹ kọ orúkọ prósẹ́sọ̀ wọn ní kíkún, kẹ́ ẹ sọ iye nóòtì tí preset mẹ́ta lè gbé ní buffer 128 kí ohùn tó já. Iṣẹ́ ọ̀sán kan nìyẹn fún ẹni tó kọ kóòdù yẹn fúnra ẹ̀.

3. RAM tí kò ṣeé fi kún

Láyé ìgbà kan, tí RAM bá kéré, èèyàn á ṣí ìdí láptọ̀ọ̀pù, á ki òmíràn bọ̀ ọ́, iṣẹ́ á máa lọ. Ìyẹn ti ń lọ sópin. Láti ìgbà tí M1, chip M àkọ́kọ́ ti Apple, ti jáde ní November 2020, kò sí MacBook tuntun tó ṣeé fi RAM kún, ọ̀pọ̀ láptọ̀ọ̀pù Windows tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. Iye tó o bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wàá bá ẹ̀rọ yẹn lò títí. Títí di 2024 sì ni Apple ń fi 8GB bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ Mac ẹ̀ kó tó gbé e sí 16GB. Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ “4GB tó” sójú ewé yín lónìí, tẹ́nì kan gbà yín gbọ́, kì í ṣe RAM kékeré kan ló máa lọ rà tó bá yá, odindi kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, dùùrù, fáólíìnì, ìlù, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí níbí. Ká ní dùùrù kan ní kíì 88, ẹ gba kíì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ìpele agbára mẹ́wàá, ẹ fi gbohùngbohùn mẹ́ta gbà á, fáìlì 2,640 nìyẹn kẹ́ ẹ tó dé ọ̀rọ̀ pẹ́dàlì. Sampler ò ní kó gbogbo ẹ̀ sínú RAM, ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan ló máa kó sí RAM, á wá máa fa ìyókù látorí disk bí orin ṣe ń lọ. Síbẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì tó pọ̀ tó yẹn ń gba àyè. Ẹ tan gbohùngbohùn kẹta, àyè á tún lọ. Kí Windows tàbí macOS tó mu tiẹ̀, kí DAW tó mu tiẹ̀, 4GB yẹn ti tán nígbà yẹn. Ẹ wulẹ̀ kọ iye RAM tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń mu síwájú orúkọ ẹ̀. Sampler yín mọ̀ ọ́n, ó ń fi hàn wá nígbà tá a bá ti ṣí i, ìyẹn ni pé lẹ́yìn tá a ti sanwó.

4. Disk

Èyí ò gùn. Ohùn tó wà nínú synth Omnisphere 2 tó nǹkan bíi 64GB, Spectrasonics tó ṣe é ò sì fi bò, ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ ohun tó ń kó wọlé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ohùn ẹ̀ tóbi. Ohun tí mò ń bá jà ni “60GB” tẹ́ ẹ kọ, tó jẹ́ pé tá a bá dáwúnlóòdù ẹ̀ tán, fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe ń tú ara ẹ̀ síta, à ń wá àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì kó tó parí, ẹ ò sọ. Ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé SSD ni, disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Hard disk tó ń yí, tó gbọ́dọ̀ máa gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀ láti ibì kan sí ibì kejì, kò lè bá ẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké sáré, ẹ kì í sì í sọ fún ẹni tó fẹ́ kó ohùn sórí èyí tó ní nílé.

5. Ẹ̀rọ ò kú, ẹ̀yin lẹ pa plugin orí ẹ̀

Mi ò ní da ẹ̀bi gbogbo lé yín lórí. October 2019 ni macOS Catalina dé, gbogbo plugin tó jẹ́ 32-bit, irú kóòdù àtijọ́, sì kú lórí ẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn M1 dé, kóòdù tẹ́ ẹ kọ fún Intel wá ń gba inú Rosetta 2, ètò Apple tó ń túmọ̀ ẹ̀ fún chip tuntun, kọjá. Apple sì ti sọ ọ́ ní 2025 pé macOS 26 ló kẹ́yìn fún Mac Intel, àti pé Rosetta máa wà dé macOS 27, èyí tó máa kù níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ò pọ̀. Lápá ibòmíì, 14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ dúró lórí Windows 10, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ àìmọye kọ̀ǹpútà wà tí kò ní i, tó ṣì ń gbé ogójì tíráàkì láì lóòógùn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ tiyín ni mò ń sọ. Ẹ gbé ẹ̀dà tuntun jáde tí kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ó dáa, ẹ lọ síwájú. Kí ló dé tẹ́ ẹ wá yọ installer àtijọ́ kúrò nínú àkáǹtì wa? Ohun tá a ti sanwó ẹ̀ ni! Ẹni tó ń lo Windows 10 lórí ẹ̀rọ tí kò bá íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rárá, tó kàn jókòó sí stúdíò ẹ̀ tó ń ṣe orin, kí ló kàn yín nípa ìyẹn? Ẹ fi ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn tó ṣiṣẹ́ lórí ètò kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹ ò ní tún un ṣe mọ́, a gbà, ẹ fi wá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ VST, ìlànà tí plugin fi ń bá DAW ṣiṣẹ́, náà wà níbẹ̀. 1996 ni Steinberg mú un jáde, 1999 ni VST2 tó gba synth wọlé, 2008 ni VST3, 2018 ni wọ́n wá ní àwọn ò fún ẹni tuntun ní irinṣẹ́ VST2 mọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀. Síbẹ̀ àwọn kan wà nínú yín tí VST3 wọn ò mọ VST2 wọn rí, mo ṣí iṣẹ́ àtijọ́, DAW gbé VST3 sí ipò ẹ̀, gbogbo bọ́tìnnì padà síbi tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí wọ́n dá a. Ohùn tí mo fi gbogbo òru wá, ó ti lọ. Ìwé wà tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń so méjèèjì pọ̀, àwọn míì sì ti ṣe é, torí náà ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe.

6. Láísẹ́ǹsì

Tí ilé iṣẹ́ bá kú tàbí tí wọ́n bá tà á ńkọ́? Kì í ṣe àlá ni mò ń rọ́. Ní 2002 Apple ra Emagic tó ṣe DAW tó ń jẹ́ Logic, Logic orí Windows sì parí síbẹ̀. January 2015, Camel Audio tó ṣe synth Alchemy ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ Apple ni Alchemy bọ́ sí, inú Logic ló ti padà jáde lọ́dún yẹn, ẹni tó ní i lórí Windows wá ku òun àti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Gibson dáwọ́ Cakewalk, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe DAW, dúró ní November 2017, orí ló yọ ọ́ tí BandLab fi rà á ní 2018. Ní 2025, eLicenser, dongle USB (ohun kékeré tá à ń ki bọ kọ̀ǹpútà kí láísẹ́ǹsì lè ṣiṣẹ́) tí Steinberg ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, kógbá wọlé. Ẹni tó yan synth lónìí ń yan ilé iṣẹ́ pẹ̀lú, ó sì yẹ kó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i.

Nítorí náà, activation, ìyẹn bí plugin ṣe ń yẹ láísẹ́ǹsì wò, tó ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà ti ara ẹ̀ pa, mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yọ kọ̀ǹpútà orin wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an, kí update má baà wọlé láàárín iṣẹ́. Ẹ fún wa ní fáìlì tá a lè gbé látorí ẹ̀rọ míì wá. Kẹ́ ẹ sì fún wa ní àyè láti yọ láísẹ́ǹsì lórí ẹ̀rọ tó ti kú láì jẹ́ pé a kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, torí ẹ̀rọ tó kú ò ṣeé ṣí kéèyàn fi lọ yọ nǹkan.

Ẹ má sì rò pé a ò lágbára kankan. March 2023, Waves tó ń ṣe plugin kéde pé àwọn ò ta láísẹ́ǹsì téèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan tó sì di tiẹ̀ mọ́, kí gbogbo èèyàn máa san owó oṣooṣù tàbí ọdọọdún. Ariwo tó sọ ò kéré, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti yí ohùn padà. 

7. Ẹ má sọ pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é

2014 ni Xfer Records gbé synth Serum jáde, ìgbà tí Serum 2 dé ní 2025, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún gbogbo ẹni tó ti ra ti àkọ́kọ́. Image-Line náà, ẹni tó bá ra FL Studio, DAW wọn, lẹ́ẹ̀kan, kì í sanwó update mọ́. Synth Vital dé ní 2020 pẹ̀lú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó lágbára débi tí àwọn kan ò fi ra nǹkan míì mọ́. Surge, synth tó jẹ́ ọjà títà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣe é tú kóòdù ẹ̀ síta ní 2018, àwọn ará ìlú ló ń tọ́jú ẹ̀ báyìí, ìyẹn ni pé tí ẹnikẹ́ni bá sùn, ẹlòmíì lè gbé e. Ilé iṣẹ́ u-he àti Bitwig sì gbé CLAP, ìlànà plugin bíi VST, jáde ní 2022, tí ẹnikẹ́ni lè lò láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n o, mo ń sọ pé ó ṣeé ṣe.

Ohun tá a ń béèrè

Àkọ́kọ́, àbájáde ìdánwò lórí ẹ̀rọ mẹ́ta, orúkọ prósẹ́sọ̀ ní kíkún, buffer, sample rate, orúkọ preset. Kò gbọ́dọ̀ sí “i5” lásán mọ́.

Ìkejì, demo tó pé. Kì í ṣe fídíò. Èyí tá a lè gbé sórí ẹ̀rọ tiwa pẹ̀lú preset yín tó wúwo jù, kó máa ṣe ariwo láàárín tó bá wù yín, kó má jẹ́ ká tọ́jú iṣẹ́, kò burú, ká ṣáà lè wo mítà CPU kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ìkẹta, kí installer yẹ ẹ̀rọ wò kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi pé a tún ń kọ èyí sílẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ̀dà àtijọ́ nínú àkáǹtì wa títí lọ, àti ìlérí tẹ́ ẹ kọ sínú àdéhùn pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kógbá sílé, ẹ máa tú plugin sílẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ láì béèrè lọ́wọ́ server yín.

Kí ìdáhùn yín tó dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá wa kà á tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ mú plugin kẹ́ ẹ tó mú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ẹ̀dà ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Vital, Surge XT, Dexed tó ń ṣe bíi synth DX7 ti Yamaha, gbogbo wọn ló lè gbé orin jáde. Ẹ ṣí demo èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ yín tó jọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ní 128, ẹ tẹ kọ́ọ̀dù tó gùn, ẹ jẹ́ kó gbóná. Agbára core kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo iye core. Tí RAM bá jẹ́ èyí tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ má gba 8GB tó bá jẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ fẹ́ máa lò, ẹ wá 16GB, tí agbára bá wà ẹ lọ sí 32GB. Ẹni tó bá ń fi káàdì eré ńlá tàn yín, ẹ sọ fún un pé ọ̀pọ̀ synth ò mọ̀ pé GPU wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí owó yẹn lọ sí SSD àti audio interface (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà, tó sì ń gbé e jáde) tó ní driver ASIO tiẹ̀.

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ẹ má fèsì sínú ìmeèlì mi, ojú ewé tẹ́ ẹ kọ “i5” sí yẹn ni kẹ́ ẹ ti fèsì. A ó máa wò ó.

Èmi ni tiyín, oníbàárà yín tó ní rìsíìtì lọ́wọ́.